Sípíkà Márùn-ún fún Etí Kan

Ìbínú ni mo gbé kúrò nílé. Àwọn mìíràn á sọ fún yín pé iṣẹ́ ló gbé àwọn lọ, tàbí ọkọ, tàbí ẹ̀kọ́. Tèmi, ìbínú ni, ó sì ti di ọdún mẹ́rin báyìí tí èmi àti òun ti jọ ń gbé nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

Bàbá mi tún rédíò àti ẹ̀rọ àwo ṣe ní Ṣakí fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Èmi ni mo jókòó tì í láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Èmi ni mo ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún un, èmi ló sì kọ́ bí a ṣe ń fi etí wá ibi tí ohùn ti ń sọnù nínú ẹ̀rọ kí a tó fi ojú wá a. Nígbà tó kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣèpàdé ní pálọ̀. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún àbúrò mi ọkùnrin tí kò mọ wáyà iná yàtọ̀ sí wáyà sípíkà, wọ́n ní obìnrin kì í jogún ṣọ́ọ̀bù rédíò. Mi ò bá wọn jà. Mo kó irin tí a fi ń jó òjé, tẹ́sítà kan àti àwọn sukurudíráfà sínú báàgì, mo sọdá ààlà.

Ẹ má retí pé kí n ròyìn ọ̀nà. Ẹni tó bá ti gba Kika, lẹ́nu ààlà, kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ eruku rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì gbà á rí, kò sóhun tí mo lè sọ tí yóò mú un sín.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Tchaourou, ìlú tí mo fìdí kalẹ̀ sí, ni pé ó dà bíi pé mi ò tíì kúrò nílé. Ilà ojú àwọn àgbà jọ tiwa. Bí ládàánì ṣe ń fa ohùn jọ tiwa. Nàgó ni wọ́n ń pe èdè wọn, Yorùbá sì ni mo ń gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo bi obìnrin kan nídìí ẹ̀rọ omi pé níbo ni mo ti lè rí ṣọ́ọ̀bù háyà lẹ́bàá títì. Ó dá mi lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìdajì àkọ́kọ́ yé mi yékéyéké. Nígbà tó dé ìdajì kejì, ọ̀rọ̀ náà yà bàrá sínú Faransé, carrefour báyìí, goudron báyìí, à gauche báyìí, mo sì dúró bí ẹni tí iná lọ mọ́ lórí. Ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀. Èyí tó wá sọ fún ìyẹn, kò sí Faransé kankan nínú rẹ̀.

"Nàìjíríà ni," ó ní. "Di báàgì rẹ mú."

Mo ti ronú lórí gbólóhùn yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Epo tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì, tí wọ́n ń rọ sínú alùpùpù wọn láàárọ̀, ilẹ̀ wa ló ti wá. Orin tó wà nínú fóònù àwọn ọ̀dọ́, tiwa ni. Bàtà, àwo ìjẹun, kírímù ara, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń kó wọn gba inú igbó kọjá. Wọ́n fẹ́ gbogbo nǹkan tó ti Nàìjíríà wá. Èèyàn ibẹ̀ nìkan ni wọn ò fẹ́.

Mo rí ìdajì ṣọ́ọ̀bù kan háyà. Mo kọ ọ́ sára pákó pé mo ń tún rédíò, télé àti sono ṣe, nítorí sono ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ olóhùn ńlá níbẹ̀. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wá, gbogbo wọn ló sì ń wo ẹ̀yìn mi. Ọkùnrin àgbẹ̀ kan gbé rédíò oko rẹ̀ wá láti Alafiarou. Ó béèrè réparateur, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Mo ní èmi ni. Ó béèrè ọkọ mi. Mo ní mi ò lọ́kọ. Ó wá béèrè, láìfi ṣe àwàdà, pé ta ló wá ń bá mi ṣe iṣẹ́ náà. Ó jókòó tì mí títí mo fi parí, ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ mi, kí n má baà yọ nǹkan nínú rédíò rẹ̀. Nígbà tí rédíò náà sọ̀rọ̀, inú rẹ̀ dùn, ó fọwọ́ gbá a lẹ́yìn bí ẹni ń kí ọ̀rẹ́, ó sì gbé e lọ. Rédíò ló kí. Kò kí mi.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù ni kíkó orin sórí mẹ́mọ́rì fóònù. Mo ń ṣe é, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí mo mọ ohun tí mo ń fún wọn. Orin tí ẹnì kan ti fún pọ̀ kó lè kéré, tí ẹlòmíràn tún fún pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, tó ti gba fóònù mẹ́fà kọjá kó tó dé ọwọ́ mi. Olórin á máa kọrin bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Bí bàbá mi bá gbọ́ ọ, á ní kí n tú u kí n wo ibi tó ti jó. Àwọn ọ̀dọ́ ò bìkítà. Wọ́n á ní ó pọ̀, ìyẹn náà ló ṣe pàtàkì, orin ẹgbẹ̀rún kan nínú ohun tó tó èékánná.

Mo máa ń pe ìyá mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Ohùn rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde, bí ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ láti inú agolo. Ó máa ń béèrè bóyá wọ́n ń ṣe mí dáadáa, mo sì máa ń ní wọ́n ń ṣe mí dáadáa. Ọjọ́ kan ló wá sọ fún mi pé àbúrò mi ti sọ ṣọ́ọ̀bù di ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Wọ́n ti kó àwọn ẹ̀rọ bàbá mi sí ẹ̀yìnkùlé. Mo bi í bóyá wọ́n fi nǹkan bò wọ́n. Ó ní òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo pa fóònù, mo jókòó sórí àpótí, mi ò lè ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà ọyẹ́ ni Papa Issifou wá. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Tchaourou láti ìgbà èwe rẹ̀ títí ọkọ̀ fi dẹ́kun wíwá, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ ọ́n. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí zémidjan, alùpùpù akérò tí wọ́n ń gùn níbẹ̀, pẹ̀lú ẹrù kan tí ó fi aṣọ ìró ìyàwó rẹ̀ dì. Kò béèrè réparateur, kò wo ẹ̀yìn mi. Ó gbé ẹrù náà kalẹ̀, ó tú u, ẹ̀rọ àwo ni, irú èyí tó ní ìdérí bíi tábìlì ọmọdé. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé ọmọ Nàìjíríà kan wà ńbí tó gbọ́ èdè àwọn nǹkan báwọ̀nyí.

Bẹ́líìtì tó ń yí àwo ti yọ́. Mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mo so ó, àwo yí. Ó gbé àwo kékeré kan lé e láti fi dán an wò. Kò pẹ́ tó fi gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrò.

"Ó ń gbọ̀n," ó ní.

Mo ní kò gbọ̀n. Ó ní òun rí olórin náà lójúkojú ní Parakou nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, kò sì gbọ̀n lọ́jọ́ náà. Inú bí mi, nítorí òótọ́ ló sọ. Rọ́bà tí mo gé kò dọ́gba, ibi kan nípọn, ibi kan fẹ́lẹ́, ohùn sì ń ga ń relẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ àṣìṣe mi. Mo tú rédíò kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó ti kú kí n tó rí bẹ́líìtì tó bá a mu. Nígbà tó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó gbọ́ ojú kan àwo náà látòkèdélẹ̀, ó fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó yí i padà, ó gbọ́ ojú kejì. Ó wá ní, "Báyìí ni." Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́ ní Tchaourou.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ sílé rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, ilé kan tí kò jìnnà sí ojú irin. Ìyàwó rẹ̀, Tata Rékíà, máa ń din wàrà àwọn Fúlàní fún wa. Àwo mọ́kànlélógójì ló ní, ó rà wọ́n lẹ́yọ lẹ́yọ nígbà tí iṣẹ́ bá gbé e dé Kútọnu, èyí tó pọ̀ jù ló jẹ́ àwọn kékeré tó ní orin kan lójú kan. A máa ń jiyàn. Mo ní fóònù dára ju àwo lọ, kò ní abẹ́rẹ́ tó ń ha àwo, kò ní eruku, kò ní ìró pàrà pàrà. Ó ní orin inú fóònù dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n ti bu omi lé nígbà mẹ́fà. Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi fóònù, ẹ̀bi àwọn tó ń bu omi ni. Láti fi hàn án, mo fi wáyà so ẹ̀rọ àwo mọ́ kọ̀ǹpútà mi àtijọ́, mo gba orin kan sílẹ̀ láìfún un pọ̀ rárá, mo wá fi méjèèjì dún lọ́kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ kó mọ èyí tó jẹ́ àwo. Ó gbọ́ wọn. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n gba díẹ̀ sí i sílẹ̀. Kó tó di pé òjò bẹ̀rẹ̀, mo ti gba orin kọ̀ọ̀kan láti inú àwo méjìlá, mo sì ya fọ́tò ara àwo kọ̀ọ̀kan kí n lè mọ orúkọ wọn.

Ọjọ́ kan ni mo fún un ní ohun ìgbọ́rọ̀ tí a ń fi sí etí, kó gbọ́ orin tuntun kan tó wu èmi. Ó gbọ́ ọ díẹ̀.

"Àwọn obìnrin tó ń gbè é ńkọ́?" ó béèrè.

Mo ní wọ́n wà níbẹ̀. Ó ní òun ò gbọ́ wọn, gìtá nìkan ni òun ń gbọ́. Mo gbà á, mo fi sí etí tèmi: gìtá wà lọ́tùn-ún, àwọn obìnrin wà lósì, bí wọ́n ṣe ń pín orin òde òní nìyẹn. Mo dá a padà fún un, ṣùgbọ́n mo pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní àwọn obìnrin náà ti dé, gìtá ló ti lọ. Mo wò ó. Òun náà wò mí, ó sì yọ ohun náà kúrò létí díẹ̀díẹ̀.

Etí rẹ̀ òsì ti kú. Àìsàn ibà kan ló pa á. Tata Rékíà nìkan ló mọ̀, Papa sì bẹ̀ mí kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì ṣèlérí. Ọmọ rẹ̀ Moutarou, tó ń ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Kútọnu, ti ń wá ìdí láti kó o kúrò ní Tchaourou. Bó bá gbọ́ èyí, yóò mú un lọ jókòó sí yàrá ẹ̀yìn kan lọ́hùn-ún. Papa wá sọ ohun tó mú kí n lóye bó ṣe ń gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní àwọn àwo àtijọ́ yìí, ohùn ẹnu kan ni wọ́n fi gbà wọ́n sílẹ̀. Wọn ò pín in sọ́tùn-ún, wọn ò pín in sósì. Ohun tí etí méjì ń gbọ́ náà ni etí kan ń gbọ́.

"Níbẹ̀ nìkan ni mo ti ń gbọ́ orin tán," ó ní.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni Moutarou gbé ẹ̀rọ tuntun dé fún ọdún Iléyá. Home cinéma ni wọ́n ń pè é: sípíkà kéékèèké márùn-ún, àti àpótí báàsì kan tó wúwo bí ẹran. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí kí n wá so ó. Moutarou gbọ́ Nàgó bí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Faransé ló fi ń pàṣẹ fún mi, sọ́tùn-ún, sósì, sẹ́yìn, lókè. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀, ó wá yí èdè padà. Ó ní ohùn yóò máa bọ̀ láti gbogbo igun, bíi pé Papa jókòó sáàárín àwọn olórin. Ó fi sinimá kan sí i. Òjò rọ̀ lẹ́yìn wa, bàálù fò láti ọwọ́ òsì kọjá sí ọ̀tún, àwọn aládùúgbò tó wà lẹ́nu ọ̀nà kígbe. Papa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń mi orí. Èmi nìkan ni mo rí i bó ṣe ń yí ọrùn kiri bí adìyẹ tó ń wá ibi tí àwòdì wà. Mo fẹ́ ṣe é jẹ́jẹ́, mo sọ fún Moutarou pé Papa fẹ́ràn àwo rẹ̀ gan-an o. Kò tilẹ̀ wò mí. Ó ní, "Nàìjíríà, iṣẹ́ la ní kó o ṣe."

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ẹ̀rọ àwo àti àwo mọ́kànlélógójì fi di àwátì. Papa lọ kí ẹbí kan tí wọ́n ṣọ̀fọ̀ ní Tchatchou, ó sùn síbẹ̀, nígbà tó máa padà dé, orí kọ́bọ́ọ̀dù ti ṣófo. Ó pe Moutarou lórí fóònù. Moutarou bi í pé ta ló ń wọlé tó ń jáde nínú ilé. Ó ní, obìnrin Nàìjíríà yẹn ti ń wo àwọn nǹkan yẹn tipẹ́, ó ń ya fọ́tò wọn, Papa ò rí i ni?

Wọ́n wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan. Tonton délégué, olórí àdúgbò wa, ló ṣáájú, àwọn àgbà méjì tẹ̀ lé e, èrò tẹ̀ lé wọn. Papa Issifou dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n da àpótí mi sílẹ̀. Wọ́n tú àwọn rédíò oníbàárà mi wò bí ẹni pé àwo lè wà nínú rédíò. Wọ́n ní kí n ṣí kọ̀ǹpútà, mo ṣí i, wọ́n rí fọ́tò àwọn àwo náà, ariwo sọ. Mo ń wo Papa, mo ń retí pé kó sọ fún wọn pé ojú òun ni mo ti yà wọ́n. Ó wọlé díẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo kó wọn?" ó bi mí.

Ó sì yí etí ọ̀tún sí mi, kó lè gbọ́ ìdáhùn.

Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù bàbá mi tí wọ́n tì mọ́ mi kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi, mo ti mọ̀ wọ́n. Èyí, mo ti jókòó sílé rẹ̀, mo ti pa àṣírí rẹ̀ mọ́.

"Papa," mo ní, "bí ẹ bá ti lè bi mí, ẹ ti dáhùn."

Wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n lọ. Wọn ò kó ohun tí wọ́n dà sílẹ̀ padà. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ dá ní ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn tó ti gbé rédíò sọ́dọ̀ mi wá gba rédíò wọn láìtíì tún un ṣe. Àwọn tó mọ̀ mí ń gba òdìkejì títì kọjá. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ó ní kí n kó ẹrù mi kí n máa bọ̀ wálé, ó ní a kì í bá ìlú tí kò fẹ́ni jà. Mo ní rárá. Bí mo bá lọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n á sọ pé olè ti sá. Mo lè fi Tchaourou sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú orúkọ yẹn.

Àwọn tó ń sọ pé ọ̀kan náà ni gbogbo wa, láti Ṣakí dé Ṣábẹ̀, pé àwọn òyìnbó ló fa ìlà sáàárín wa, mo ti gbà wọ́n gbọ́ rí. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìlà náà kò sí lórí ilẹ̀ mọ́, mo ti gba ibẹ̀ kọjá, koríko lásán ni. Ó wà lẹ́nu èèyàn. Ọjọ́ tí nǹkan bá sọnù ni wọ́n máa ń yọ ọ́ jáde.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni Tata Rékíà wá. Kò gba ẹ̀yìn, iwájú ló gbà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Ó ní Moutarou ló kó àwọn àwo náà. Ọjọ́ tí Papa wà ní Tchatchou ló wá, ó kó wọn sínú ọkọ̀. Ó sọ fún Tata pé òyìnbó kan wà ní Kútọnu tó ń ra àwo àtijọ́, pé òun fúnra òun yóò sọ fún Papa.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń tú ẹrù mi.

"Èmi kọ́ ni mo bí i," ó ní. "Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní mo kórìíra ọmọ ọkọ mi. Mo bẹ̀rù."

Inú bí mi sí òun náà, mi ò sì fi í pa mọ́. Mo sọ fún un pé kó lọ sọ ọ́ lójú àwọn tó wá tú ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rò pé kò ní ṣe é. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó gba ilé délégué lọ tààrà.

Moutarou dé lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n sì pè wá jọ. Kò sẹ́. Ó ní àwọn nǹkan náà ń kó eruku ni, òun sì ti fi ohun tó dára jù rọ́pò wọn. Nígbà tí délégué bi í bóyá wọ́n lè gbà wọ́n padà, ó ní òyìnbó náà ti wọ bàálù. Ó wá yíjú sí mi díẹ̀, ó ní, "Bon. Àṣìṣe ni." Ohun tó rí sọ nìyẹn. Kíá ni àwọn àgbà gbà á lẹ́nu rẹ̀: ó ti tán, ẹ má bínú, ẹ má bínú. Mo ti wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ẹ̀bẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹnu rẹ ni wọ́n fi ń dí. Papa jókòó síbẹ̀, ó tẹ orí ba, èmi náà sì dìde kí n tó sọ èyí tí mi ò ní lè kó padà.

Mo délé, mo ṣí kọ̀ǹpútà. Orin méjìlá yẹn wà níbẹ̀. Àwọn nìkan ló ṣẹ́kù láyé nínú àwo mọ́kànlélógójì, ní ti Papa, ọwọ́ mi ni wọ́n sì wà. Mo gbé ìka lé ibi tí mo ti lè pa wọ́n rẹ́. Ẹ má bi mí bí ó ṣe pẹ́ tó tí ìka mi fi wà níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, mò ń gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ilẹ̀kùn pálọ̀ Papa ṣí sílẹ̀, orin ń dún nínú home cinéma náà. Mo rí i. Ó gbé àga lọ sí igun kan, ó fi etí ọ̀tún ti sípíkà tó wà níbẹ̀. Ó gbọ́ ọ díẹ̀. Ó dìde, ó tún gbé àga náà lọ sí igun mìíràn. Ohùn olórin wà níhìn-ín, gìtá wà lọ́hùn-ún, ìlù wà lẹ́yìn, bàbá arúgbó yìí sì ń fi àga lé wọn kiri pálọ̀ rẹ̀. Mi ò lè sọ pé àánú ló ṣe mí. Ìbínú mi kàn yí ojú sí ibòmíràn ni. Mo gbé korobá mi padà sílé, mo mú kọ̀ǹpútà àti sukurudíráfà, mo padà síbẹ̀.

Mo kí wọn, mo kọjá sídìí ẹ̀rọ náà. Mo tú wáyà sípíkà mẹ́rin kúrò lẹ́yìn rẹ̀, mo ká wọn jọ. Moutarou ti inú yàrá jáde, ó ń béèrè ohun tí mò ń ṣe. Mo wọ inú ètò ẹ̀rọ náà, mo sọ fún un pé sípíkà kan péré ló ní, kó kó gbogbo ohùn sínú rẹ̀. Mo gbé ọ̀kan yẹn sórí àpótí, lápá ọ̀tún àga Papa.

"O ń ba nǹkan mi jẹ́," Moutarou ní. Ó di wáyà mú. "Márùn-ún ni mo rà. Kí ló dé tí Papa fi máa gbọ́ ọ̀kan?"

Mo wo Papa. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi bí ata. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo ní láti fi dójú ti Moutarou níwájú bàbá rẹ̀, ìgbà náà sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí, kì í sì í ṣe Moutarou ni mo ṣèlérí fún. Mo pa ẹnu mi dé, mo ń so wáyà.

"Etí mi òsì ti kú, Moutarou," Papa ní. "Ó ti di ọdún mẹ́ta."

Moutarou jọ̀wọ́ wáyà náà. Ó jókòó sórí apá àga, kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ sí.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí ló dé tó ò bi mí? O bi òyìnbó tó fẹ́ ra àwo. Èmi, o ò bi mí."

Mo fi orin àkọ́kọ́ sí i láti inú kọ̀ǹpútà. Mi ò tíì nù ún mọ́, gbogbo ìró abẹ́rẹ́ àti eruku ṣì wà nínú rẹ̀, ó ń ta pàrà pàrà bí ẹ̀kùrọ́ lórí iná. Lẹ́yìn náà ni gìtá wọlé, ìlù, ohùn ọkùnrin náà, àwọn tó ń gbè é, gbogbo wọn láti ẹnu kan ṣoṣo. Papa kò yí ọrùn. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún. Moutarou dìde, ó jáde sí àgbàlá, mo ń gbúròó rẹ̀ níbi tó ti ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí òkúta.

Nígbà tí orin náà parí, Papa yíjú sí mi.

"Mo bi ọ́ ní ohun tí kò yẹ kí n bi ọ́," ó ní. "Ojú ń tì mí."

Mo mọ ohun tó yẹ kí ọmọ tí a kọ́ sọ. Ó yẹ kí n kúnlẹ̀, kí n ní ó ti tán, Papa, kò sí nǹkan kan. Tata Rékíà, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ń wo ẹnu mi, ó ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì tán.

"Mo gbọ́, Papa," mo ní. "Inú ṣì ń bí mi."

Ó mi orí.

"Ó yẹ kó máa bí ọ. Jókòó."

Orin mọ́kànlá ló kù. Mo fa àga kan sún mọ́ apá ọ̀tún rẹ̀, mo jókòó pẹ̀lú ìbínú mi, mo sì tẹ èkejì.